Bí A Ṣe Kọ́ Aláìlórúkọ ní Ìbẹ̀rù

Ajé, 2 oṣù kẹta

Láti òní lọ, olùkọ́ ìnàkí ni mí. Ọ̀gá ibùdó wa, níbi tí a ti ń tọ́ ọmọ òrukàn ẹranko, ló kéde rẹ̀ ní ìpàdé àárọ̀. Yàtọ̀ sí ìròyìn tí mo ń kọ lóṣooṣù ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ olùrànlọ́wọ́ tó ń fún wa lówó, mo gbọ́dọ̀ máa mú ọmọ ìnàkí wa lọ sínú igbó ẹ̀yìn ọgbà láràárọ̀, kí a kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé igbó kí a tó dá a padà síbẹ̀. Àwọn méjì tó ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ti rí iṣẹ́ sí ilé ìtura kan nígboro. Wọ́n ní àlejò ilé ìtura kì í gé èèyàn jẹ.

Mo pe Màámi, mo sọ fún wọn pé wọ́n ti gbé mi ga níbi iṣẹ́. Wọ́n béèrè pé kí ni mo dà. Mo sọ ọ́. Wọ́n wá ní ṣé ohun tí mo tìtorí ẹ̀ lọ sí polí nìyẹn. Mo ní rárá, ìròyìn àti ìpolówó ni mo kà. Wọ́n ní, "Ó dáa, ọkọ mi. Ṣá máa fọwọ́ dáadáa."

Ìṣẹ́gun, 3

Òfin ibùdó ni pé a kì í sọ ọmọ ìnàkí lórúkọ. Dókítà ẹranko wa ló fi lélẹ̀. Ó ní bí a bá ti sọ ọ́ lórúkọ, ọkàn wa á fà mọ́ ọn, a ò sì ní lè jẹ́ kó lọ. Gbogbo wa ló tẹ̀lé òfin yìí. Aláìlórúkọ ni a ń pè é. Bí o bá pè é bẹ́ẹ̀ láti òdìkejì ọgbà, á bojú wẹ̀yìn.

Ìyá Wàrà ló tọ́ ọ. Àwọn ló ń fún gbogbo ọmọ òrukàn ibùdó ní wàrà láti ìgbà tí wọ́n ti dá ibùdó sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ wọn gidi mọ́. Wọ́n sọ fún mi lónìí bí wọ́n ṣe gbé Aláìlórúkọ dé. Inú àpò ni àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti bá a lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, tó di apá ìyá rẹ̀ mú. Apá yẹn nìkan ló kù nínú ìyá. Wọ́n ní àwọn ò rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àfi ìgbà tí àwọn fi ẹ̀wù ara àwọn rọ́pò rẹ̀.

Irú ẹ̀wù náà ni gbogbo wa ń wọ̀ títí di òní. Aláwọ̀ ewé ni, ó gùn dé orúnkún, omi kì í wọ̀ ọ́, a sì máa ń fi ìbòmú sí i nítorí pé òtútù tí kò ní dá wa dúró níbi iṣẹ́ lè pa ìnàkí. Aláìlórúkọ kò tíì rí ojú mi rí. Ẹ̀wù yìí ló mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5

Ẹ̀kọ́ ewé jíjẹ. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Mo jẹ ewé. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo àbúrò tí kò gbọ́n. Nígbà tí mo jẹ ewé kẹta, ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù mi, ó yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo fi pamọ́ fún ọ̀sán ara mi, ó sì fa àpò náà ya.

Òwú aláwọ̀ ewé ti tán ní sítọ̀, mo fi dúdú rán an. Ìyá Wàrà gbé e yẹ̀wò. Wọ́n ní ẹni tó rán irú èyí, àfi kó jẹ́ pé òun àti ẹ̀wù náà jọ ń jà.

Àìkú, 8

Rédíò sọ nípa wa. Wọ́n ní àwọn ìnàkí tó kù nínú igbó òkè kéré débi pé gbogbo wọn lè wọ ọkọ̀ èrò kan kí àyè ṣì kù fún kọ̀ndọ́. Wọ́n wá fi orin sí i.

Abo ni Aláìlórúkọ. Ìdí nìyẹn tí Dókítà kì í fi í sùn dáadáa. Abo mẹ́ta péré tó lè bímọ ló kù ní agbo òkè, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń darúgbó. Bí eléyìí bá dàgbà láàárín wọn, ó lè bímọ, ọmọ náà lè bímọ. Bí kò bá ṣe é ṣe, a ó máa tọ́jú pátákó ẹnu ọ̀nà tí a ya ìnàkí sí nìkan.

Ajé, 9

Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹnì kan á múra bí ọdẹ, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ́súrẹ́sú, fìlà, igi gígùn léjìká. Á yọ láti inú igbó, á máa lu abọ́ irin, á máa pariwo. Àwa tí a wọ aláwọ̀ ewé á sá gun igi, kí ọmọ náà lè wò wá kó sì ṣe bí a ti ṣe.

Dírẹ́bà ni Ọ̀gá yàn bí ọdẹ, nítorí pé ó ga. Dírẹ́bà yìí kan náà ni kò jẹ́ kí wọ́n fi oògùn eku sí gáréèjì.

Mo gun igi dé ìdajì, mo já bọ́. Ọdẹ ń bọ̀, abọ́ ń dún, Aláìlórúkọ sọ̀kalẹ̀ láti orí igi tirẹ̀ wá wò bóyá mo fara pa. Dókítà ní ká tún un ṣe.

Ẹtì, 13

Dírẹ́bà sunkún nínú ọkọ̀. Tẹ́lẹ̀, Aláìlórúkọ máa ń wá kí i lẹ́nu fèrèsé ọkọ̀ láràárọ̀. Nísinsìnyí, bó bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, inú ìtẹ́ ló ń sá wọ̀. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ òṣèré ni, pé ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn tó ń gbowó lórí ẹ̀ lọ.

Ó ní, "Akọ̀wé, tí wọ́n bá kórìíra ẹ báyìí, ṣé wàá ráwàdà ṣe?"

Gbogbo ibùdó ti ń pè é ní Ọdẹ.

Ọjọ́rú, 18

Òjò àkọ́kọ́. Òrùlé ọ́fíìsì ń jò, ti ìnàkí kò jò. Epo bẹntiróòlù tún ti gbówó lórí.

Àbámẹ́ta, 21

Ó yege. Kí Ọdẹ tó yọ orí tán, ó ti wà lórí igi tó ga jù, kò mí kín-ín, kò sì sọ̀kalẹ̀ títí Ọdẹ fi lọ sílé. Ó ti ń tẹ́ ìtẹ́ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì dára ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ. Dókítà rẹ́rìn-ín. N kò rí eyín rẹ̀ rí kó tó di òní.

Nígbà tí ewu kọjá, Aláìlórúkọ sọ̀kalẹ̀, ó wá jókòó lé mi lórí itan. Ẹ̀rín Dókítà parẹ́.

Ọjọ́rú, 25

Dókítà ṣàlàyé ìpele kejì fún wa. Ó ní ọdẹ onígbàlódé lè wọ ohunkóhun, nítorí náà Aláìlórúkọ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù gbogbo èèyàn, àti àwa náà. Láti ọ̀la, gbogbo wa tí a wọ aláwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ máa lé e. A ó pariwo mọ́ ọn, a ó lu abọ́ tì í lẹ́yìn, títí yóò fi rí wa tí yóò sì sá. Ó lè gbà tó oṣù kan.

Ìyá Wàrà ń tú okùn ìbòmú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ ní kí n lé ọmọ tí mo pọ̀n."

Dókítà ní, "Bí kò bá sá fún yín, Mà, ta ló máa sá fún?"

Ìyá Wàrà ká okùn náà mọ́ ọwọ́. Wọ́n wá ní ó dáa, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fún un ní wàrà alẹ́ òní ná.

Ọjọ́bọ̀, 26

Ìpele kejì kò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá dá a dúró. Ẹgbẹ́ olùrànlọ́wọ́ ń bọ̀ ní àárín oṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ fọ́tò níbi tí ìnàkí ti dì mọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá ní, "Ẹ gbà mí, ṣé kí wọ́n wọkọ̀ òfuurufú débí kí ẹran máa sá fún wa?"

Dókítà ní lẹ́yìn ìbẹ̀wò náà, kò ní sí àyè mọ́. Ìgbà tí èso bá pọ́n létí igbó nìkan ni agbo òkè máa ń sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí a lè mú ọmọ náà dé. Bí ìgbà náà bá kọjá, ó di àmọ́dún, ọmọ náà á sì ti tóbi ju ohun tí agbo lè gbà mọ́ra. Ọ̀gá ní ká fi ọgbọ́n ṣe é. Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọn ò ní ọgbọ́n kankan lọ́wọ́.

Ìyá Wàrà ń kọrin nínú ilé wàrà láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́rú, 15 oṣù kẹrin

Ẹgbẹ́ olùrànlọ́wọ́ dé. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì mọ́. Èmi ni Aláìlórúkọ dì mọ́ nínú fọ́tò, nítorí pé ó mọ àpò mi. Olórí wọn ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ fọ́tò náà. Mo kọ "Ìfẹ́ tí kò ní ààlà." Wọ́n ní mo ní ẹ̀bùn.

Wọ́n ti ṣe ìdíje orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wá. Ìrètí ló wọlé. Ní gbogbo ibùdó tí mo ti gbúròó wọn, Ìrètí ló máa ń wọlé. Wọ́n ti kùn ún sára pátákó, wọ́n sì kó ẹ̀wù tuntun wá fún wa, aláwọ̀ búlúù, tí àmì ẹgbẹ́ wọn wà láyà. Ọ̀gá ní láti ọ̀la, òun ò fẹ́ rí ẹ̀wù àtijọ́ mọ́.

Ẹtì, 17

Ohun ńlá ṣẹlẹ̀. Láti àná tí a ti wọ búlúù, Aláìlórúkọ ń sá fún wa. Kì í ṣe eré. Mo wọlé láàárọ̀, ó fò sókè, ó gun òpó dé orí, ó ń wò mí láti ibẹ̀ bí ẹni ń wo Ọdẹ. Ìyá Wàrà pè é, wọ́n na ìgò wàrà sí i, kò wá.

Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó títí. Ó ní ìpele kejì ti parí. Ó ní bóyá ariwo àwọn àlejò ló lé ọkàn rẹ̀ kúrò lára èèyàn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege. Ọ̀gá ní ṣé àwọn ò sọ fún wa pé ká fi ọgbọ́n ṣe é.

Gbogbo wa bọ ara wa lọ́wọ́. Ìyá Wàrà nìkan ló lọ jókòó sẹ́yìn ilé wàrà. Mo tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n ní inú àwọn dùn, pé kí n má wo ti omijé.

Àbámẹ́ta, 18

Ọ̀gá ní ká má ju àwọn ẹ̀wù àtijọ́ nù. Òjò ti dé, àwọn ará abúlé ìsàlẹ̀ igbó ò ní ẹ̀wù òjò. Bí a bá fún wọn, wọ́n á fẹ́ràn wa, wọ́n á sì fẹ́ràn ìnàkí. Dókítà ní èrò náà dáa. Èmi náà ní èrò náà dáa, mo tún kọ ìpínrọ̀ kan nípa rẹ̀ sínú ìròyìn oṣù yìí, ó dùn-ún kà.

Èmi àti Ọdẹ la kó wọn sínú àpò. Ó dùn mí díẹ̀ láti fi tèmi sílẹ̀. Aláàárù kì í bá ẹrù sunkún ṣá, mo sọ ọ́ sínú àpò pẹ̀lú òwú dúdú rẹ̀. Lábúlé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, àwa náà pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ọjọ́rú, 22

A mú un lọ. Ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, ọkọ̀ rì, gbogbo wa sọ̀kalẹ̀ tì í. Ní etí igbó, a ṣí àgò, a sún sẹ́yìn. Ó jáde. Ó wo búlúù, búlúù, búlúù, ó sì wọ inú igbó lọ láìwẹ̀yìn wò. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀ ń dún nínú ẹ̀rọ ọwọ́ Dókítà.

Ìyá Wàrà ti mú ìgò wàrà kan dání, bóyá ọmọ náà á yí ọkàn padà. Nígbà tí a ń bọ̀, wọ́n dà á sójú ọ̀nà.

Ẹtì, 1 oṣù kárùn-ún

Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó rí i. Ó wà létí agbo òkè, kò sún mọ́ wọn, wọn ò sì lé e. Ìyá àgbà ibẹ̀ jẹ́ kó jẹun lábẹ́ igi kan náà. Dókítà ra mínírà fún gbogbo ọ́fíìsì. Mo pe Màámi, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ mi ti wọlé síbi gíga. Wọ́n ní kí n kí i.

Ìṣẹ́gun, 5

Òjò. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ibì kan náà ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń dún láti àárọ̀. Dókítà ní ó lè jẹ́ pé ó ń sinmi nítorí òjò. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni ò sì bi í.

Ẹtì, 8

Àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ń kọ èyí ní orí bẹ́ǹṣì wọn.

Àgbẹ̀ kan ló pa á, lóko rẹ̀ tó wà létí igbó. Àádọ́ta ọdún á ti kọjá lórí ọkùnrin náà. Kò sá. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ọmọ rẹ̀ lọ pe ọlọ́pàá.

Ó ní, "Mò ń roko nínú òjò. Mo gbọ́ ìró, mo bojú wẹ̀yìn, ó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mi ò ṣe é ní nǹkan kan. Ó na ọwọ́ méjèèjì, bí ọmọ tó ní kí wọ́n pọ̀n òun. Ẹ̀rù bà mí. Àdá ló wà lọ́wọ́ mi."

Ọlọ́pàá gbé ẹ̀wù tí àgbẹ̀ náà wọ̀ lọ́jọ́ náà jáde láti inú ọ̀rá. Aláwọ̀ ewé. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú wa mọ̀ ọ́n. Dókítà ti jókòó kó tó parí ìbéèrè, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ti yé e. Ó yé gbogbo wa nígbà kan náà, bí ìgbà tí iná bá lọ. Kò bẹ̀rù èèyàn rí. Búlúù ló bẹ̀rù.

Mo yí àpò ẹ̀wù náà síta. Òwú dúdú. Ó tún ti ya níbi tí mo ti rán an, ó sì jọ pé ọwọ́ kékeré ti dé ibẹ̀.

Mo sọ fún ọlọ́pàá pé tèmi ni.

Àgbẹ̀ náà gbójú sókè. Ó ní, "Áà, ẹ̀yin ni? Ẹ ṣé gan-an, sà. Kò gba òjò wọlé rárá."

Ọdẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, kò wọlé. Nígbà tí a ń lọ, ó ní, "Èmi tí ẹ kọ́ ọ pé kó sá fún, mi ò fọwọ́ kàn án rí."

Ajé, 11

Ìpàdé. Ọ̀gá ní ọlọ́pàá ń béèrè bóyá a fẹ́ kí wọ́n gbé àgbẹ̀ náà lọ ilé ẹjọ́. Ẹ̀wọ̀n ni òfin sọ. Dókítà ní bí wọ́n bá máa gbé e, kí wọ́n yáa bá òun wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n ti dá ọkùnrin náà sílẹ̀. Mo gbọ́ pé kò lọ sóko mọ́.

Lẹ́yìn ìpàdé, Ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní báwo ni a ó ṣe kọ ọ́ sínú ìròyìn. Mo ní a lè kọ ọ́ pé ìpele kìíní yege gan-an. Wọ́n wò mí. Mo ní mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní rárá, kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Pátákó Ìrètí ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní a ò lè yọ ọ́ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó kùn ún.

Ọjọ́bọ̀, 14

A lọ gba àwọn ẹ̀wù náà padà lábúlé, kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ojú tì wá. Òjò ń rọ̀, à ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn àwọn arúgbó. Obìnrin kan ní, "Ẹ̀yin náà lẹ fún wa, ẹ̀yin náà lẹ tún ń gbà á. Kí la ṣe?" Ọdẹ bọ́ ẹ̀wù búlúù tirẹ̀, ó fi wọ̀ ọ́.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní agbo òkè ti padà sókè. Ìyá àgbà ò sí láàárín wọn.

Ajé, 18

Wọ́n gbé òmíràn dé. Inú páálí bísíkíìtì ni, láti ẹnu ibodè. Akọ ni. Apá méjèèjì rẹ̀ ò ju ìka mi méjì lọ. Láti ibo ni wọ́n ti mú un, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bóyá látọ̀dọ̀ agbo òkè ni.

Ìyá Wàrà kò wá. Wọ́n ti ní àwọn ò ní gba ọmọ kankan mọ́, wọ́n sì ti kó ìgò wọn lé orí tábìlì Ọ̀gá. Nítorí náà, èmi ni n ó tọ́ ọ.

Dókítà ní lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí n gbé wàrà sílẹ̀, kí n sún sẹ́yìn. Bó bá fẹ́ fara mọ́ mi, kí n lu abọ́ irin. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Mo gbé wàrà sílẹ̀. Ó mu díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rá bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo gbé abọ́ náà, mo lù ú kíkan. Ẹ̀rù bà á. Ó wo igun yàrá kan, ó wo èkejì, ó ń wá ẹni tó lè sá bá. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó sáré wá, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Mo tún lu abọ́ náà. Ó túbọ̀ dì mọ́ mi.